Adùn Tí Kò Dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìdí ààrò ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ọmọọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò sùn fún òru méjì. Eyín ló ń dùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, èmi àti ọkọ mi mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn oníṣègùn eyín. Obìnrin ni dókítà tó dá wa lóhùn, kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Ó tan iná sí ọmọ náà lẹ́nu, ó ń ka eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti lu, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹrà dé ìdí. Ó wá béèrè pé kí ni ọmọ yìí máa ń mu kó tó lọ sùn. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ògiri.

Tíì ni. Tíì onímílíìkì tí bàbá àgbà rẹ̀ ń pò fún un ní alaalẹ́, tí hóró ṣúgà mẹ́ta sì ń wà nínú rẹ̀, nítorí pé hóró mẹ́fà ni bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ń fi sí tirẹ̀. Kò sì sí ọjọ́ tí súìtì kì í sí nínú àpò bùbá rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àpò ni yóò kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ kó tó kí i.

Bí dókítà ti ń ṣàlàyé lọ́wọ́, ó ṣàkíyèsí pé ọkọ mi ti mu omi inú ike ńlá kan tán, ó sì ti jáde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò díẹ̀ tí a fi wà níbẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ bo ìtìjú mọ́lẹ̀, ó ní, "Dókítà, ẹ kúkú bá mi wo tèmi náà, eyín mi méjì ń mì." Kò mọ̀ pé dókítà máa gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó jókòó, kí ó la ẹnu. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n, bí wọ́n sì ti kan án ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ti ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gbẹ̀yìn?" Ọkọ mi ní òun kò ṣe é rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, láìtíì fi nǹkan kan kan ẹnu, wọ́n gún un ní ìka. Ẹ̀rọ kọ 241. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí ó tó jẹun láàárọ̀, kò yẹ kó tó 100. Bó bá ti tó 126 tí wọ́n sì tún un wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Wọ́n tún un wò. Kò yí padà. Bí a ṣe torí eyín ọmọ kúrò nílé nìyẹn, tí a gbé àtọ̀gbẹ bàbá àgbà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń rò pé kòkòrò kan báyìí ló ń wọ inú eyín lọ jẹ ẹ́ bí ìkán ti ń jẹ igi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà ní ẹnu gbogbo wa lóòótọ́. Bí a bá ti jẹ ṣúgà, àwọn náà a jẹ nínú rẹ̀, wọn a sì tu omi kíkan jáde, omi kíkan yìí ló ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Ní ojú oorun, itọ́ ẹnu tó yẹ kó ṣan kíkan náà dànù kì í pọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí tíì alẹ́ fi burú fún ọmọdé ju tíì òwúrọ̀ lọ. Ní ti àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí èrìgì rẹ̀ lè bá àwọn kòkòrò wọ̀nyí jà, èrìgì tó ń ṣe egbò náà kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn gbé e ni. Kì í sì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń fa àtọ̀gbẹ o. Ó máa ń tẹ̀lé ìdílé, ó máa ń bá ọjọ́ orí àti ikùn ńlá rìn. Ìyá ọkọ mi ní in kó tó kú. A mọ̀, a kàn ń pè é ní àgbà tó dé ni.

Ẹ má yára dá ọkọ mi lẹ́jọ́. Ìlú Ilé-Olújì ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì, nínú oko kòkó. Nígbà èwe wa, ọjọ́ Kérésì tàbí ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé ni ṣúgà ń wọ ilé. Nígbà tí ọkọ mi gba owó oṣù àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, páálí ṣúgà kan ló rà fún ìyá rẹ̀, ìyá náà sì gbé e sí orí àpótí fún oṣù mẹ́ta, ó ń fi han àwọn ará ilé. Lójú ọkọ mi, ẹni tí a bá fẹ́ràn ni a ń fún ní ṣúgà. Tíì tí kò bá dùn, ìwọ̀sí ni.

Nígbà tí wọ́n wá ní kí ó fi ṣúgà sílẹ̀, kò jà. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ náà, ó tẹjú mọ́ ife tíì rẹ̀ títí ó fi tutù. Oògùn tí wọ́n fún un, ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wọlé mọ́, ó ń rù, inú sì ń bí i sí gbogbo ayé. Èmi tí mo ń gbọ́únjẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò dùn tí kò ní pa á.

Oyin ni mo kọ́kọ́ sá tọ̀ lọ. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Oyin ìgàn, tí a fún ní oko, tí ẹ̀rọ kan kò fọwọ́ kàn. Gbogbo ènìyàn ní ìjọ ló sọ fún mi pé ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá kò lè pa ènìyàn lára. Inú ọkọ mi dùn. Ó ṣí ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 14 fún mi, níbi tí ojú Jónátánì ti là nígbà tó tọ́ oyin wò lójú ogun, ó ní ojú tòun náà yóò là. Ṣíbí méjì nínú tíì láàárọ̀, méjì nínú ẹ̀kọ mímu lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà lọ fún àyẹ̀wò. Ó ti di 268.

Nọ́ọ̀sì tó gún un ní ìka bi mí pé kí ni mo ń fún bàbá. Mo fi ìgboyà sọ pé oyin ni. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní, "Mà, bí ẹ bá wọn oyin sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ọgọ́rin ni ṣúgà, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Inú ẹ̀jẹ̀ bàbá kò mọ̀ bóyá kòkòrò oyin ló ṣe é tàbí ìrèké." Nígbà tí a délé, èmi náà ṣí ìwé Òwe orí 25, ẹsẹ 16, fún ọkọ mi. Ó kà á, ó pa ìwé dé, kò sọ nǹkan kan.

Mo ń sọ èyí tẹnumọ́ tẹnumọ́ nítorí àṣìṣe yìí pọ̀ láàárín wa. Oyin, ìrèké, dàbínù, mọ́ọ̀tì tí a ń fún aboyún àti aláìsàn bí ẹni pé oògùn ni: ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tó ti inú oko wá àti ohun tí alátọ̀gbẹ lè mu.

Àkọ́bí wa obìnrin, ìyá ọmọ kékeré yìí, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ẹrù ránṣẹ́ sí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Àpò funfun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ xylitol sí lára, àti ṣíńgọ́ọ̀mù tí wọ́n fi nǹkan kan náà ṣe. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní ṣúgà ni. Ó funfun bíi ṣúgà, ó dùn tó ṣúgà, àfi pé ó máa ń tutù díẹ̀ lórí ahọ́n. Láti ara igi kan tó ń hù ní ilẹ̀ olótùútù, tí wọ́n ń pè ní birch, ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n sì tún ń rí i láti ara pòòpó àgbàdo, èyí tí àwa ń jù sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ìlú Turku ní ilẹ̀ Finland, láàárín ọdún 1972 sí 1974, àwọn onímọ̀ tí Scheinin àti Mäkinen ṣáájú wọn pín àwọn ènìyàn 125 sí ọ̀nà mẹ́ta. Fún nǹkan bí ọdún méjì, àwọn kan ń jẹ ṣúgà lásán, àwọn kan ń jẹ ṣúgà inú èso, àwọn kan sì ń jẹ xylitol. Àwọn tó jẹ xylitol kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ihò tuntun kankan ní eyín. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò ẹnu kò lè fi í ṣe omi kíkan. Wọ́n á gbé e mì, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí nǹkan kan fi í ṣe. Nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, díẹ̀ ni ó ń gbé ṣúgà sókè.

Ó ṣiṣẹ́ fún wa. Dókítà yọ eyín tó jẹrà jù, ó dí àwọn yòókù, ó sì ní kí ọmọ máa fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó máa jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù náà lẹ́yìn oúnjẹ lójú wa. Súìtì kúrò nínú àpò bàbá àgbà. Ṣíńgọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ìkíni ẹnu ọ̀nà kò bàjẹ́.

Ọkọ mi ni kò mọ ìwọ̀n. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó da ṣíbí xylitol mẹ́jọ sínú ẹ̀kọ mímu rẹ̀, nítorí ó ní kò léèwọ̀. Pásítọ̀ kò tíì dé ìdajì ìwàásù tí inú rẹ̀ fi ń kùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọ ló sì ti gbọ́ ìyókù. Bí xylitol ti rí nìyẹn bó bá pọ̀ jù, ó máa ń ṣí ènìyàn nínú. Bí ẹ bá sì ní ajá nílé, ẹ má jẹ́ kó fẹnu kàn án rárá, ó lè pa ajá. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2024, ọmọ wa tún pè pé àwọn onímọ̀ ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà ti gbé ìwádìí kan jáde, tó sọ pé àwọn tí xylitol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ń ní àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìwádìí náà kò tíì fi hàn pé xylitol gan-an ló fà á. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, nítorí náà a kò jẹ́ kó máa dà á sínú ife mọ́. Ṣíńgọ́ọ̀mù ọmọ nìkan ló kù.

Ká tó dé ibẹ̀ ni agbáyun ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní àkókò òjò ọdún 2022 kan náà, a lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ilé-Olújì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú wa dé oko bàbá wa. Lẹ́bàá ahéré tó ti wó, igi agbáyun tí bàbá mi gbìn wà níbẹ̀, kò ga ju ọkùnrin méjì lọ, èso rẹ̀ pọ́n rẹ́rẹ́ bíi èso kọfí. Mo ti gbàgbé rẹ̀ fún ogójì ọdún. Nígbà tí a wà léwe, a máa ń jẹ agbáyun kan, a ó wá já ọsàn tí kò tíì pọ́n, a ó máa mu ún bí ẹni pé oyin ni wọ́n dà sínú rẹ̀. A ó fi tan àwọn ọmọ tó wá láti ìlú ńlá: àwa la ó mu tiwa ní ìmukúmu, tí wọ́n bá fi tiwọn kan ẹnu, ojú wọn á ràn pọ̀.

Mo fún ọkọ mi ní ẹyọ kan. Ó fi ahọ́n yí i ká ẹnu, ó tu kóró dànù. Mo la ọsàn wẹ́wẹ́, mo ní kó mu ún. Ẹ wá wo ojú àgbàlagbà! Ó mu ìlàjì, ó mu ìlàjì kejì, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, èyí tó dùn báyìí wà nínú oko bàbá rẹ, tí a wá ń sanwó ẹrù láti ìlú Òyìnbó?"

Agbáyun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹran ara èso rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí nǹkan kíkan bá ti kan ibẹ̀, ahọ́n a ní ohun dídùn ló dé. Kíkan náà ṣì wà níbẹ̀ o, ahọ́n ni wọ́n tàn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn á ju wákàtí kan lọ. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, W. F. Daniell, ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1852. Ó rí i pé àwọn ènìyàn ń fi í jẹ oúnjẹ àgbàdo tó ti kan, wọ́n sì ń fi í mu ẹmu. Ní ọdún 1968 ni Kurihara àti Beidler ní Amẹ́ríkà yọ èròjà náà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè é ní miraculin. Àwọn kan níbẹ̀ fẹ́ máa ṣe é tà fún àwọn alátọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ní ọdún 1974 ìjọba wọn ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ bí èròjà tuntun, iṣẹ́ náà sì wó.

Orúkọ Daniell yìí náà ni wọ́n fi sọ ewé eéran wa lórúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín! Èso pupa rẹ̀ tó máa ń so mọ́ ilẹ̀ ní ìdí rẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tí ó fi ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ dùn ju ṣúgà lọ bí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń fi í sí oúnjẹ. Àwa ń já ewé, a ń fi èso sílẹ̀ fún eku.

A kó agbáyun bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi ránṣẹ́ nígbàkígbà tó bá so. Kì í pẹ́ bàjẹ́, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti rà, nítorí náà inú fìrísà ni mo ń kó o sí nígbà tí iná bá wà. Iná ìdáná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, kò ṣeé sè mọ́ nǹkan. Ẹ ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kí ẹ tó mu ohun tí ẹ fẹ́ mu. Ọkọ mi ń jẹ ẹyọ kan, á wá mu sóbò tí mo sè láìfi ṣúgà kankan sí, tàbí ẹ̀kọ mímu tí ògì rẹ̀ kan dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín padà. Ẹran ara rẹ̀ padà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n a tún ṣe àṣìṣe méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ọsàn wẹ́wẹ́ di àyànfẹ́ rẹ̀, ó ń mu mẹ́rin, márùn-ún lóòjọ́. Kò pẹ́ tí eyín fi kan án, tí omi tútù kò ṣeé mu. Dókítà eyín wa bínú díẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ó ní kíkan ni kíkan, bóyá kòkòrò ẹnu ló ṣe é tàbí ọsàn, bákan náà ló ń jẹ ara eyín, pé nígbà tí ahọ́n kò bá sì gbọ́ kíkan náà mọ́, kò sí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún ẹnu. Ó ní kí ó dín in kù, kí ó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má sì fọ eyín lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni ẹ̀kọ mímu. Nítorí pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, abọ́ ńlá ni ó ń mu. Wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ kọ 236. Ògì fúnra rẹ̀, bíi ẹ̀bà àti iyán, inú ara ló ti ń di ṣúgà. Mo gbàgbé pé àgbàdo ni mo ń lọ̀. Abọ́ kékeré ló ń mu báyìí, pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2023. A ní ìṣọ́ òru ní ìjọ, ọkọ mi sì ti gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lo oògùn. Ó lo glibenclamide rẹ̀ bí ó ti máa ń lò ó. Ilẹ̀ mọ́, a délé, ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀ ná. Nǹkan bí aago méje ni ọmọ wa kékeré sáré wá bá mi ní ilé ìdáná pé, "Màmá àgbà, Bàbá àgbà ń sọ nǹkan tí n kò gbọ́."

Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pè mí ní orúkọ ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé bí oògùn bá wà nínú ara tí oúnjẹ kò sí, ṣúgà lè já wálẹ̀ jù, pé kí a fún un ní ohun dídùn kíákíá. Ohun dídùn! Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo bu ṣíbí mẹ́rin nínú xylitol sínú omi, mo pò ó, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu ún tán. Mo dúró. Ìgbọ̀n náà kò dá. Mo fi ẹ̀rọ gún un ní ìka: 48. Mo dúró díẹ̀ sí i, mo tún gún un: 46.

Ọmọ kékeré náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ agbáyun lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, kí n fún un ní èyí?"

Mo pe nọ́ọ̀sì wa lórí fóònù. Ó béèrè ohun tí mo ti fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó pariwo: "Mà! Ìyẹn kò lè gbé e dìde. Ṣúgà gidi, mà, ṣúgà gidi!" Ẹ̀yin ará mi, nínú gbogbo ilé mi, kò sí hóró ṣúgà kan. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo ti yangàn pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpàdé àwọn obìnrin. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún 2021, adùn tí ahọ́n yóò mọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò ní mọ̀, òun náà ló kún ilé mi fọ́fọ́, ọkọ mi sì ń lọ lójú mi.

N kò ránti pé mo wọ bàtà. Mo sáré gba ojúlé kejì dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì, n kò kí i, mo gbá páálí ṣúgà mú lórí tábìlì rẹ̀. Ó ń pariwo tẹ̀lé mi, "Ìyá Pásítọ̀ àgbà, kí ló dé?" (Èmi kì í ṣe ìyàwó pásítọ̀, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.) Mo pò hóró mẹ́rin sínú omi díẹ̀, èmi àti Ìyá Ìbejì gbé e jókòó, a rọra ń fún un mu díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ṣì lè gbé e mì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rọ kọ 79. Ó la ojú, ó wò mí, ó pè mí ní orúkọ mi. Ó wá lá ètè rẹ̀, ó ní, "Èyí mà dùn o."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ bá pásítọ̀ wa, ó sọ òtítọ́ fún un, pásítọ̀ sì ní kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Dókítà pààrọ̀ oògùn náà. Nínú àwọn eyín méjì tó ń mì, wọ́n yọ ọ̀kan, èkejì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, èrìgì kò sì ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Kí ó tó jẹun láàárọ̀, ẹ̀rọ ń kọ nǹkan bí 115 sí 130. Eyín àgbà ọmọ wa ti ń yọ, kò sí èyí tó lu nínú wọn. A ṣì ń jẹ agbáyun nígbà tó bá so.

Páálí ṣúgà tí mo gbà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, mo san owó rẹ̀, mo sì gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi báírò kọ OÒGÙN sí ara rẹ̀ gàdàgbà, gbogbo ilé sì mọ ìgbà tí a lè ṣí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́ kalẹ̀ láti nu eruku ara rẹ̀, mo sì ka hóró inú rẹ̀. Hóró méjì ti dín nínú iye tí mo fi sílẹ̀. Mo bi ọmọ léèrè, ó ní òun kọ́. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ògiri.